Ìkòkò ọbẹ̀ láti Àbújá àtijọ́: mo rà á, mo sè nínú rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé e dé. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, n kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, nígbà tí ọmọkùnrin tó ń há ẹrù kiri kan ilẹ̀kùn wa ní Leeds. Ó gbé páálí ńlá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fọwọ́ sí fóònù òun, ó sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó dúpẹ́. Mo gbé etí lé páálí náà, mo mì í díẹ̀. Kò sí ohun tó dún kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Mo ṣe àlùhámúdù.

Ìkòkò ọbẹ̀ onídèérí ni mo rà. Ilé-iṣẹ́ ìkòkò Àbújá ni wọ́n ti mọ ọ́n, ó sì ti tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Kì í ṣe Àbújá olú-ìlú tí ẹ mọ̀ yìí o. Àbújá àtijọ́ ni, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ìgbà tí ìjọba pinnu ní 1976 pé àwọn ń kọ́ olú-ìlú tuntun ni wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn onílùú, tí tibẹ̀ fi di Suleja. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "Àbújá" nídìí ìkòkò àtijọ́, ẹ má wá Aso Rock sí i.

Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 17 pẹ̀lú ìdérí, ó fẹ̀ tó 23 láti etí dé etí. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, kílò méjì àti díẹ̀ ni. Omi lítà méjì àti ààbọ̀ ló gbà kó tó kan ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó kíákíá kí ẹ má baà máa rò ó lọ́kàn. £140 ni mo ná an mọ́ wọn lọ́wọ́ ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n £140 yẹn, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ilé gbàǹjo ń gba ìdá mẹ́rin owó náà lé e, ìyẹn £35. Ìjọba tún gba £7 owó orí lórí £35 yẹn. Àwọn tó dì í tó sì gbé e wá gba £24. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £206. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà gbàǹjo, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìṣirò yìí, nítorí ọwọ́ tí a nà sókè nínú gbọ̀ngàn kì í ronú.

Ilé gbàǹjo náà wà lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá wọn rò. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọjà wọn nìyí: pé ìkòkò "antique" ni, pé àmì ìdí rẹ̀ jọ ti àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà, pé kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dúró. Nínú òwò yìí, ohun tí kò bá tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í pè é ní antique. Bàbá mi ju ìkòkò yìí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ń gun ọ̀kadà lọ sí mọ́sálásí.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ọjà hàn kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí i. Wọ́n tò ó sáàárín àwo ìṣàpẹẹrẹ ará Ṣáínà kan àti fìtílà kan tí wáyà rẹ̀ ti já. Bàbá òyìnbó kan wà níwájú mi, ó wọ kóòtù onírun, ó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbé ìkòkò náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó wo ìdí rẹ̀, ó mí sí i, ó sì gbé e padà. "Kì í ṣe ti Cardew," ó ní, bí ẹni pé èmi ni mo bi í. Cardew ni òyìnbó tó dá ilé-iṣẹ́ Àbújá sílẹ̀.

Ìgbà tó kàn mí, mo gbé e. Èdìdì méjì ló wà nídìí rẹ̀, kéékèèké, ìkọ̀ọ̀kan kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, wọ́n tẹ̀ wọ́n sínú amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Lára èdìdì kan, mo rí álífù. Mo rí báù. Mo rí jímù. Mo rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn náà. Gbogbo pàṣán tí Alfa fi kọ́ mi ní ilé kéú ní Òkèlele, Ìlọrin, ọjọ́ yẹn ni mo mọ iṣẹ́ tó wà fún. Mo kà á sókè: "Àbújá."

Bàbá náà yíjú. "Ṣé ẹ lè kà á ni?"

Mo ní mo lè kà á. Mo fi ìka tọ́ lẹ́tà sí lẹ́tà fún un, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìgò ojú rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo kòkòrò. Ó ní láti ogójì ọdún tí òun ti ń kó ìkòkò jọ lòun ti mọ àmì yẹn, ṣùgbọ́n bí àwòrán lòun ṣe mọ̀ ọ́n. Òun kò tiẹ̀ ronú rẹ̀ rí pé ọ̀rọ̀ ni. Mo bi í léèrè èdìdì kejì. Ó gbé èjìká sókè. "Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé relé. Òun ló sì jẹ́ kí n nàwọ́ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tí kò mọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ ní ṣókí. Michael Cardew, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1901, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò Bernard Leach ní St Ives, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1923. Ó mọ ìkòkò ní Winchcombe fún ọdún púpọ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, Gánà òde òní, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí ìjọba amúnisìn tó gbé e wá sí Nàìjíríà. Ní 1951 ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Àbújá. Kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ààrò ńlá tí wọ́n ń fi igi dá iná sí, iná tó ń gbóná ju ìwọ̀n Celsius 1,200 lọ. Iná tí àwọn ìyá wa ń fi koríko àti igi dá ní ìta gbangba kì í sábà kọjá 900. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ amọ̀ di ohun tó le bí òkúta, òun náà ló ń yọ́ eérú àti òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi bò ó di ara dídán bíi gíláàsì. Òyìnbó ń pe ara dídán yìí ní glaze, orúkọ yẹn ni mo máa lò.

Kí Cardew tó ní ilé-iṣẹ́ rárá, ó ti rí ìkòkò omi kan ní ààfin Ẹ́míà Àbújá, Alhaji Suleiman Barau, ìkòkò tí a fa alángbá àti àkekèé sí lára. Ladi Kwali ló mọ ọ́n, obìnrin Gbagyi láti ìlú Kwali, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá yí náírà 20 sẹ́yìn, òun lẹ máa rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ní 1954 ó dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Halima Audu àti Asibi Ido wà lára wọn. Ìkòkò wọn dé London, àwọn òyìnbó tò láti rà á. Cardew kúrò ní 1965. Ladi kú ní 1984. Lónìí, ìkòkò omi ńlá rẹ̀ kan ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, èdìdì Cardew náà sì ń fa owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o jọ. Èyí tí kò bá ti ní èdìdì àwọn méjèèjì, wọ́n á ní ti ọmọṣẹ́ ni. £140.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọṣẹ́.

Mo yọ ọ́ nínú páálí lórí tábìlì ìdáná, mo gbé e sí iwájú fèrèsé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewédú tí wọ́n bomi lé jù, ewé tó ń lọ sí eérú. Ṣùgbọ́n níbi tí glaze ti fẹ́lẹ́, ní bèbè ẹnu àti ní etí méjèèjì, àwọ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ yọ bí ẹ̀yìn àkàrà. Alángbá mẹ́ta ń sá yí èjìká rẹ̀ ká. Ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi fà wọ́n, ọwọ́ tó fà wọ́n kò sì lọ́ra: ìrù èkínní gùn, ti èkejì tẹ̀ síbi tí àyè kò tó, ẹ̀kẹta ń wo ẹ̀yìn. Glaze ti ṣàn sínú ilà kọ̀ọ̀kan ó sì dúdú síbẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fi ìka pa alángbá náà, kò sí kòtò níbẹ̀ mọ́, ó ń dán yọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń rí i bí ohun tó jìn.

Mo ṣí i. Nínú rẹ̀, ipa ìka ẹni tó yí i lórí kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ó gòkè lọ́nà kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn bí àtẹ̀gùn. Wọn kò fi kànìnkànìn dà á, wọn kò ní kó má hàn. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù lọ wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀: ojú ibi mẹ́ta tí glaze kò dé, méjì lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Mo wò ó títí kó tó yé mi. Ìka ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ri ìkòkò náà bọ inú glaze, ẹnì kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ibi tí ìka rẹ̀ wà kò sì rí glaze. Mo fi ìka tèmi sí ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àyè ṣẹ́kù. Ọwọ́ ẹni náà tóbi ju tèmi lọ.

N kò mọ ohun tí àwọn tó ń kówó lé ìkòkò ń wá lára rẹ̀. Ní tèmi, mo ti jẹ £100 nínú £206 mi níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin á mọ ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà mi mọ ìkòkò ní ẹbu Dada títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Orí ìdí ìkòkò àgbà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á lu amọ̀ mọ́ ọn títí yóò fi gba ìrísí rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá fi okùn amọ̀ gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Tí ìkòkò bá jinná tán tó ṣì pọ́n bí ẹ̀yinná, wọ́n á da omi èèpo irúgbá sí i, á hó ṣàà, ara rẹ̀ á dúdú á sì dán. Glaze tiwa nìyẹn bí ẹ bá fẹ́. Bí oníbàárà bá dé, ìyá àgbà kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á gbé ìkòkò lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi oríkèé ìka ọ̀tún kàn án. Ìkòkò tó yè á dáhùn gaara. Èyí tó bá ti ní ìjàǹbá nínú, bó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó, ohùn rẹ̀ á rì.

Mo gbé ìkòkò Àbújá mi lé ọwọ́, mo kàn án. Ó dún gaara bí agogo, ó dún ju ti Ìlọrin lọ pàápàá, nítorí iná rẹ̀ ju tiwa. Mo gbé ìdérí, mo kàn án. Pó.

Mo tún un kàn. Pó.

Ìtọ́jú ojú ọgbẹ́ ni iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn, láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ ọgbẹ́ tí wọ́n fi nǹkan bò tí kò jinná. Mo gbé bèbè ìdérí náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo yí i díẹ̀díẹ̀. Glaze máa ń tutù bí omi kànga. Ó tutù, ó tutù, ó tutù, ó dé ibì kan tó tó ìwọ̀n ẹ̀wà mẹ́ta, kò tutù mọ́. Ọmọ mi ní tọ́ọ̀ṣì kékeré oníná àlùkò tó fi ń ṣeré. Mo pa iná ìdáná, mo tàn án sí i: ojú ibẹ̀ funfun báláú. Ìdérí ti ya rí, ẹnì kan sì ti fi àtè oníke dí i, ó kùn ún dáadáa, ó pa á pọ̀ mọ́ àwọ̀ tó kù. Ẹnì náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó kọ ọ́ pé kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀ ni mo ń bá wí.

Mo kọ̀wé sí wọn, mo fi fọ́tò mẹ́rin sí i. Èsì àkọ́kọ́: ọjà àtijọ́ ni, a máa ń rí irú rẹ̀. Mo tún kọ, mo ní wọn kò kọ "a máa ń rí irú rẹ̀" sínú ìwé ọjà wọn. Èsì kejì: ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ìwòran. Ìyẹn dùn mí, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti kà ìdí rẹ̀, inú mi ti dùn sí ohun tí mo kà débi pé n kò kan ìdérí. Ìyá àgbà ì bá kàn án. Ìwé kẹta ni mo kọ tí wọ́n fi dá £40 padà. Mo gbà á. Ẹni tó bá máa lọ ra irú ọjà yìí, kó mú oríkèé ìka rẹ̀ lọ, kó mú tọ́ọ̀ṣì lọ, kó má jẹ́ kí inú dídùn sáré ṣíwájú ọwọ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ní 2022, àfihàn kan tí wọ́n pè ní Body Vessel Clay, tí Jareh Das tò jọ, kúrò ní London wá sí York, ìrìn ọkọ̀ ojú irin kékeré sí ọ̀dọ̀ wa. Mo lọ ní ọjọ́ tí mo sinmi. Mo dúró níwájú iṣẹ́ Ladi Kwali, omi sì lé sí mi lójú, n kò purọ́. Ìkòkò náà dúró bí ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ọmọ Ìlọrin inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ìkòkò omi ni, tí wọ́n sì fi glaze bò. Báwo lomi ṣe fẹ́ tutù nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá dàgbà sílé tó ní àmù yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Àmù máa ń làágùn. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba inú amọ̀, ó ń tutù sí i lára, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ló ń fa ooru jáde lára omi tó kù nínú rẹ̀. Òógùn yẹn ni iṣẹ́ àmù. Bí a bá fi glaze dí ojú ara rẹ̀, a ti dá òógùn dúró. Ohun tó kù rẹwà, ó le, ó ń gbé ní mùsíọ́ọ̀mù, àmọ́ omi inú rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n gbé ìkòkò Ladi ga, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Mo kàn ń sọ ohun tí ìkòkò mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìkòkò ọbẹ̀ ju ìkòkò omi lọ nínú ọjà Àbújá. Ọbẹ̀ kò fẹ́ kí ìkòkò làágùn. Ọbẹ̀ fẹ́ kí epo dúró nínú ilé rẹ̀. Glaze bá iṣẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ mu wẹ́kú, ẹni tó mọ tèmi yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó fi glaze sí gbogbo inú rẹ̀, ó fi ojú ibi tí ìdérí jókòó sí sílẹ̀ láìfi sí, kí méjèèjì má baà lẹ̀ mọ́ra nínú iná. Etí méjèèjì gba ìka mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ ìdìkòkò láàárín. Mo ti ra ìkòkò tuntun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Leeds tí ẹni tó yàwòrán rẹ̀ kò rántí pé ó máa gbóná.

Mo kọ́kọ́ bu omi kún inú rẹ̀, mo gbé e lé ìwé ìròyìn láti alẹ́ dọ́jọ́ kejì. Ìwé náà gbẹ fúrúfúrú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí bàbá onígò ojú yẹn á fi kígbe bó bá gbọ́. Mo sè nínú rẹ̀.

Ẹ má gbé e lé iná gáàsì o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Amọ̀ tó ti le bí òkúta kò fẹ́ iná ojú kan. Yóò ya lójú yín. Inú ààrò iná mànàmáná ni mo gbé e sí nígbà tí ààrò ṣì tutù, kí àwọn méjèèjì jọ gbóná, mo wá gbé iná sí 150. Ẹ̀wà tí mo ti bó fún gbẹ̀gìrì ni mo dà sí i, mo bomi lé e, mo dé e, mo lọ sùn. Wákàtí mẹ́ta. Ìgbà tí mo ṣí i, ẹ̀wà náà ti fọ́ fúnra rẹ̀, n kò ní láti fi ìjábẹ̀ pa á lára púpọ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó jóná mọ́ ìdí. Ata, epo, irú wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ó tún padà sínú ààrò fún ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi, tó ti bá mi jà lórí £206, bu ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì gbóná lórí tábìlì títí a fi jẹun tán. Ìkòkò tó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í yára gbàgbé iná.

Ibi tí àtè oníke wà ní ìdérí pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn ìsè kẹta. Mo ti dáwọ́ ìyẹn dúró. Àwo irin ni mo fi ń dé e nínú ààrò báyìí, ìdérí rẹ̀ gan-an ń jáde tí a bá gbé e wá sórí tábìlì. Fífọ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà, omi gbígbóná àti kànìnkànìn jẹ́jẹ́. Kò dé inú ẹ̀rọ ìfọwo rí.

Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mo fún ìkòkò ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìdérí ní márùn-ún, ilé gbàǹjo ní méjì, torí pé wọ́n di ẹrù dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ máa tà lọ́la kí ẹ jèrè, ẹ fi irú èyí sílẹ̀: kò ní orúkọ ńlá lára, ó sì ti gba àtúnṣe. Ẹ fi owó yín pamọ́ títí ẹ ó fi rí èyí tó ní LK, èdìdì Ladi Kwali. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbé dání lójoojúmọ́ ni, ẹ wá ti àwọn ọmọṣẹ́. W. A. Ismay, ará Wakefield níbí, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lásán ni, owó oṣù ni ó fi ra ìkòkò tó lé ní 3,600 kó tó kú ní 2001, wọ́n kún ilé rẹ̀ kékeré dé ibi àtẹ̀gùn. Gbogbo wọn wà ní York báyìí. Kò dúró de ìgbà tí wọ́n á sọ fún un pé ìkòkò kan tóbi lórúkọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mo gbé ìkòkò síwájú kámẹ́rà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni iye rẹ̀. Mo dárúkọ owó náà ní pọ́n-ùn. Ó ní kí n sọ ọ́ ní náírà, mo díbọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

"Rìsíkátù, ìkòkò ìsebẹ̀ kan ṣoṣo? Ṣé ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún, orí yín pé?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kàn án fún yín ná, Màámi." Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi oríkèé ìka kàn án. Ìyá mi dákẹ́. Ó ní kí n tún un kàn. Mo tún un kàn. Ó ní ó yè. Ó ní ó jinná gan-an. Ó ní kí n yí i, kí òun rí alángbá, ó sì fi ìrù èyí tó tẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà máa ń jẹ́ kí àyè tán mọ́ òun lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti ọjọ́ gbàǹjo, tí ilé gbàǹjo kò bi ara wọn, tí bàbá onígò ojú kò bi.

"Ta ló mọ ọ́n?"

Mo dojú rẹ̀ dé, mo sún kámẹ́rà mọ́ èdìdì kejì. Lẹ́tà méjì ni, ti àbídí, ṣùgbọ́n glaze ti ṣàn bo apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló hàn, tó lè jẹ́ A, tó lè jẹ́ K. Èkejì ti rì. Mo ṣàlàyé fún un pé orúkọ ẹni náà ló wà níbẹ̀, pé n kò tíì lè kà á.

Mo gbọ́ tó ń wá ìgò ojú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ kún gbogbo fóònù.

"Gbé e sún mọ́ fèrèsé," ó ní. "Mú ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, o ń ṣíji bò ó."